Ẹnu Láàárín Ilẹ̀kùn

Ìsọ̀ Bàbá Tìmóthì kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀ẹ́ gan-an, débi pé bí ọkọ̀ bá ń wọlé láti Kútọnu, àwọn àwo tánganran tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà a máa gbọ̀n, wọn a máa dún woroworo bí ẹni pé àwọn náà ń kí àlejò káàbọ̀. Àárín àwọn àwo yẹn ni Rosalie dàgbà sí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì ti ń tajà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tipẹ́ kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìyá rẹ̀, òun ló fún un lórúkọ òyìnbó yẹn, ó sì kú kí ọmọ tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ìyá ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà, ló wá jókòó tì í. Bàbá kò fi í sí ilé ìwé ìjọba. Ó ní orin Faransé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ju ìṣirò lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi Bíbélì kọ́ ọ ní ìwé kíkà lẹ́yìn káńtà. Ìyá Àgbà kọ́ ọ ní ìyókù: bí a ṣe ń kúnlẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà láì gbójú sókè, bí a ṣe ń dákẹ́. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, dídákẹ́ ló mọ̀ jù.

Ìjọba ológun ti lo nǹkan bí ọdún márùn-ún, wọ́n ti pa orúkọ ilẹ̀ wa dà láti Dàhòmẹ́ sí Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ìsọ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀wù rẹ̀ ní bọ́tìnnì dé ọrùn. Kò kan àwo kò-kò-kò bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń ṣe. Ńṣe ló dojú ọ̀kan dé, ó tẹjú mọ́ ìdí rẹ̀.

"Kò sán, ẹ̀gbọ́n," Rosalie wí. Ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde.

"Mo mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbí ní èdè Ṣáínà ni mò ń kà."

Rosalie gbàgbé ìtìjú. "Ẹ lè kà á?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Kí ló wí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé àwo sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. "Ó ní: ilé iṣẹ́ tánganran ìlú báyìí báyìí ló ṣe é."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ha! Láti kékeré ni mo ti ń rò pé àdúrà ni. Ìdí àwo ni mo máa ń fara balẹ̀ nù ju ojú rẹ̀ lọ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú. Ẹ̀rín náà ran Rosalie, ó fi ìborùn bo ẹnu. Báyìí ni wọ́n ṣe pàdé.

Théophile ni orúkọ rẹ̀. Ìlọ̀rí ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu kan ní Sakin, nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn fadà ti mú un láti kékeré, wọ́n kọ́ ọ ní èdè Látìnì àti ti Gíríìkì kó lè di àlùfáà, ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ aṣọ funfun, ó ní òun kò ṣe mọ́. Nígbà tí ìjọba wa bá ilẹ̀ Ṣáínà dọ́rẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò rán lọ sí Pékìn, ó wà lára àwọn tó lọ. Ibẹ̀ ni ó ti rí ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe: kó gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ òyìnbó, kó wo ibi tí wọ́n ti fẹnu kò àti ibi tí wọ́n ti pínyà. Ìsinmi ló wá lò nílé.

Ó ń padà wá sí ìsọ̀. Ó lè wá ra àwo kan lónìí, kó wá dá a padà lọ́la pé kì í ṣe irú èyí tí ìyá òun fẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ ìka bọ omi, ó ya nǹkan sórí káńtà.

"Ilẹ̀kùn nìyí, apá méjèèjì. Ẹnu nìyí láàárín rẹ̀. Bí o bá ti fi ẹnu sáàárín ilẹ̀kùn, nínú ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà, ó di 'béèrè'."

Rosalie wò ó títí omi fi ń gbẹ. "Ẹnu yẹn, ṣé ó ń wọlé ni àbí ó ń jáde?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí ní Pékìn," Théophile wí. "Wò ó, ohun tí mò ń kọ́ náà nìyẹn. Àwọn ọlọ́gbọ́n òyìnbó àtijọ́, ìbéèrè ni iṣẹ́ wọn. Wọn a dá ènìyàn dúró lọ́jà, wọn a bi í, wọn a tún bi í, títí onítọ̀hún á fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tàbí kó bínú lọ. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn, olùkọ́ a sọ gbólóhùn kan, ọmọ a gbé e lọ sílé lọ rò ó. Èyí tí olùkọ́ kò sọ náà wà lára ẹ̀kọ́."

"Àwọn òyìnbó yẹn kì í dákẹ́ ni?"

"Wọ́n gbà pé ẹni tó dákẹ́ kò ní nǹkan í sọ."

"Ìyá Àgbà mi á ní wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èwo nínú méjèèjì ni tiyín, ẹ̀gbọ́n?"

"Mò ń wá a," Théophile wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọbìnrin náà.

Ó padà sí Pékìn. Ọdún méjì gbáko ni Rosalie fi ń dojú àwo dé tí ń nu ìdí wọn, ó mọ̀ wàyí pé kì í ṣe àdúrà, síbẹ̀ ó ń gbàdúrà lé e lórí. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni yóò sọ fún, kí ni yóò sì wí? Pé ẹnì kan fi omi ya ẹnu sórí káńtà?

Nígbà tí Théophile padà dé, ó kọ́kọ́ lọ bá Àntí Awawou, aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ti Bàbá Tìmóthì. Mùsùlùmí ni, ó ti lọ́kọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ní Ṣábẹ̀ẹ́. Òun ni Théophile fi ṣe alárinà. Ní Párísì ni wọ́n ti gbà á láti parí ìwé rẹ̀, kò sì fẹ́ lọ láì tọrọ ìyàwó.

"Díákónì, mo wá bá yín sọ̀rọ̀," Awawou wí.

"Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ Ìlọ̀rí, ẹ máa lọ."

"Ẹ jẹ́ n jókòó ná kí ẹ tó lé mi." Ó fa àpótí mọ́ra. "Kí ni ọmọ náà ṣe?"

"Ohun tí kò ṣe ni kí ẹ bi mí. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà wé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó."

"Tó bá fi wọ́n wéra tán, ta ni yóò rà á?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Mátíù wé Lúùkù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ta ló ń rà á lọ́wọ́ yín?"

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Rosalie fi ọwọ́ di ẹnu. Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́ dípò rẹ̀. "Ó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn fadà."

"Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi ló yẹ kí ẹ dúpẹ́ fún ìyẹn."

Ohùn Bàbá yí padà. "Awawou, ọmọ kan ni mo ní. Ìyá rẹ̀ lọ, ó fi í sílẹ̀ fún mi. Bí ọkùnrin yìí bá mú un lọ sí Párísì, ta ni yóò sọ fún mi bí ara rẹ̀ ò bá yá?"

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Awawou fi ń lọ tó ń bọ̀. Níkẹyìn Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó la ọ̀nà kan sílẹ̀. Ó ní ní ilé àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá ló máa ń bi ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, kò fẹ́ nìyẹn. Wọ́n fo ìbéèrè yìí dá lórí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, ẹkún ló sì fi gbé ilé ọkọ títí ó fi kú.

"Ẹ má sọ fún Rosalie," ó wí. "Bí wọ́n bá ti kọ́ ènìyàn ní èsì, kì í ṣe èsì mọ́. Ẹ fi Kùránì yín búra."

Awawou búra. Inú rẹ̀ dùn, kò rí ewu kankan níbẹ̀. Ṣé ọmọ tí òun ti ká mọ́ ibi tó ti ń sunkún nítorí ènìyàn ni kò ní lè sọ pé òun fẹ́ ẹ?

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdána, Ìyá Àgbà jókòó lórí àga, ó ń di irun Rosalie tó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bí wọ́n bá bi ọ́, tẹ orí ba. Má la ẹnu. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ọmọ tó tẹ orí ba láàárín àgbà ti sọ pé òun gbà. Bí kò bá fẹ́, á dìde, á wọlé lọ. Ìyá rẹ tẹ orí ba fún bàbá rẹ. Èyí tó bá pariwo pé òun fẹ́, àwọn ará ilé ọkọ á máa wò ó pé ó ti mọ yàrá ọkọ tẹ́lẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ilé kún. Àwọn ará Sakin gbé iṣu, obì àti oyin wá. Théophile jókòó lẹ́yìn bàbá rẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bí ọkọ ìyàwó kì í ti í sọ̀rọ̀ níbi ìdána. Wọ́n pe Rosalie. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Rosalie, ọmọ mi," Bàbá wí. "Àwọn wọ̀nyí ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wa. Ṣé o fẹ́ ọmọ wọn?"

Rosalie tẹ orí ba. Lẹ́yìn Théophile, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ń sọ wúyẹ́wúyẹ́: "Ó ti gbà, ó ti gbà."

"Ṣé o fẹ́ ọmọ wọn?"

Ó tún tẹ orí ba sí i. Àntí Awawou wúkọ́, ó wúkọ́ títí wọ́n fi fún un lómi.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Tìmóthì mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni tàbí ìtura. "Ẹ má bínú," ó wí fún Ìlọ̀rí. "Ọmọ mi kò fẹ́."

"Kò fẹ́ báwo?" Ìlọ̀rí gbọ̀n fìlà rẹ̀. "Ó tẹ orí ba lójú gbogbo wa! Kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe?"

"Kó la ẹnu."

"Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ́ ni?"

"Ọmọ mi ni."

Àríyànjiyàn gba ilé kan. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà, bóyá wọn ì bá parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọn ì bá rán Ìyá Àgbà wọ yàrá lọ bi í jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni Théophile yóò wọ ọkọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n tó ń dá ènìyàn dúró lọ́jà sì ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Ó dìde. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Rosalie! O lẹ́nu. Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́! Ṣé o fẹ́ mi àbí o ò fẹ́ mi?"

A kò rí i rí, kí ọkọ ìyàwó fi orúkọ pe ọmọ ẹlẹ́ni láàárín ìdána. Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ Rosalie. Ìtìjú bò ó bí omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó dìde, ó sì sá wọ yàrá.

Ìgbà tó ti ti ilẹ̀kùn tán ló tó rántí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Àntí Awawou ló wọlé tọ̀ ọ́. "Ọmọ yìí, ṣé o ò fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, àntí." Ohùn rẹ̀ kò ju ti èémí lọ.

"Yéè! Ìsinsìnyí lo rí ẹnu!"

Awawou sáré lé àwọn ará Sakin bá lójú ọ̀nà. Ìlọ̀rí kò tilẹ̀ dúró. "Wọ́n kọ ọmọ mi ní ọ̀nà tiwọn," ó wí, "wọ́n tún kọ ọ́ ní ọ̀nà tiwa. Kò sí ọ̀nà kẹta."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti gbé ọjà lọ tà ní abúlé Adido. Rosalie nìkan ló wà ní ìsọ̀ nígbà tí ọkọ̀ àárọ̀ wọlé, tí àwo ń dún. Théophile dúró ní ibùdó pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Rosalie rí Awawou tó sáré lọ bá a, tó ń ju ọwọ́ lójú òfuurufú. Ó gbọ́ ohùn Awawou ketekete, nítorí Awawou kò mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sọ.

"Mo ní ó fẹ́ ọ! Ó sọ ọ́ fún mi lánàá!"

"Àntí, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀," Théophile dáhùn. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ó yíjú sí ìsọ̀. Rosalie dúró sáàárín ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ kan lára apá ọ̀tún, èkejì lára apá òsì. Àwọn alárù ń wò ó, àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń wò ó, àwọn obìnrin tó gbé ọsàn sórí ń wò ó. Orúkọ kan péré ni. Kó pè é, kó sáà pè é. Ó la ẹnu. Ìtìjú àná padà dé, ohùn kò jáde. Ó rò pé bóyá Théophile máa rí ẹnu náà láàárín ilẹ̀kùn, yóò sì kà á, òun tó mọ̀ ọ́n kà.

Fèrè ọkọ̀ dún. Théophile gbé àpótí rẹ̀, ó gòkè.

Àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní Sakin, Sakin kò sì fi fún ẹnikẹ́ni nílé Tìmóthì.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Norbert, akọ̀wé ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ìyàwó rẹ̀ kú, wá tọrọ rẹ̀. Bàbá bi í lẹ́ẹ̀kíní, kò sì tíì pa ẹnu dé tí Rosalie fi dáhùn kíkankíkan pé, "Mo gbà." Ó ti mọ èsì wàyí. Inú Bàbá dùn gan-an. "Ṣé ẹ rí i?" ó ń sọ fún àwọn àlejò. "Ọmọ mi lẹ́nu! Ti ìjọ́sí yẹn, kò fẹ́ ẹ ni." Rosalie kò bá a jiyàn. Kí ni yóò fi jà? Ọkọ tó dára ni Norbert, kì í ké, kì í lu ènìyàn. Rosalie bí ọmọbìnrin kan fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Germaine.

Ìròyìn Théophile ń dé lọ́nà jíjìn, láti ẹnu àwọn tó wá láti Kútọnu. Pé ó parí ìwé. Pé ó ń kọ́ àwọn òyìnbó ní Párísì. Pé wọ́n pè é padà sí Pékìn láti wá sọ̀rọ̀. Pé kò láya. Rosalie a máa gbọ́, a máa nu àwo.

Ọdún tí ìjọba ò rí owó oṣù san mọ́, tí ilé ìwé tì pa, ni Ìlọ̀rí kú ní Sakin, tí ọmọ rẹ̀ wálé wá sin ín. Ní ọjọ́ tí yóò padà, ó wọ ìsọ̀ àwo. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Tìmóthì jókòó nígun ìsọ̀ lórí àga onítìmùtìmù. Ogbó ti dé sí i, etí rẹ̀ ti di, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ kú ìrójú o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá," Rosalie kúnlẹ̀.

"A dúpẹ́."

"Wọ́n ní ẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

Rosalie fi aṣọ nu orí káńtà tí kò dọ̀tí. "Èwo nínú méjèèjì wá ni tiyín?"

Théophile rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọ ọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe òfo, pé ẹni tó ń kánjú gba èsì ni kì í gbọ́ ọ. Àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ń bi mí pé ibo ni mo ti rí i. Ọjọ́ kan ni mo jókòó ti ìwé ní Párísì, ni mo ṣàdédé gbọ́ ohùn àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin lẹ́yìn mi: 'Ó ti gbà, ó ti gbà.' Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ yẹn, Rosalie. Mo rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni." Ó mí. "Mo rìn dé Pékìn lọ kọ́ ohun tó wà ní Sakin."

Abọ́ omi kan wà lórí káńtà. Ó tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó ya ilẹ̀kùn, apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó fi sáàárín rẹ̀ kì í ṣe ẹnu.

"Kí nìyẹn?"

"Ọkàn. Ọkàn tí ilẹ̀kùn sé mọ́."

"Kí ló dà lọ́dọ̀ wọn?"

"Ìbànújẹ́."

Wọ́n jọ ń wò ó bó ṣe ń gbẹ. Théophile gbé ojú sókè, ètè rẹ̀ mì bí ẹni tó fẹ́ bi í ní nǹkan kan, ó sì pa á dé. Kò bi í. Ó ti kọ́ ìyẹn. Ó pẹ́ kó tó kọ́ ọ.

Rosalie mú àwo kan, ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó nà án sí i. Nígbà náà ló kẹ̀yìn sí i, ó rìn lọ síbi àga bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sókè, bí kò ti í sọ ọ́ rí láyé rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ ẹ."

Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìròyìn tó wà lára àwo náà ń dún fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀.

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá. Ìbéèrè tiyín ni mò ń dáhùn, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Mo fẹ́ ẹ."

Bàbá arúgbó yí etí sí i. Ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún ìfẹ́.

"Kí lo fẹ́, ọmọ mi? Sọ fún mi. Kí lo fẹ́ tí mo fi dù ọ́ rí?"

Ọkọ̀ Kútọnu ti ń wọlé. Àwọn àwo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Rosalie bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín ilẹ̀kùn mọ́.

"Kò sí, Bàbá," ó wí. "Oníbàárà kan ni. Ó ti lọ."